Bí Ẹnì Kan Ṣoṣo Ṣe Di Ẹgbẹ́ Akọrin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, kọ orin tí ó lé ní 40 sínú rẹ́kọ́dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922, ohùn rẹ̀ kò fọ́, nítorí pé orí ìda ni ó balẹ̀ sí. Ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin ń kọrin sí láyé ìgbà náà, agbára ohùn rẹ̀ ni ó sì ń ti abẹ́rẹ́ tí ń fín ìda. Kò ṣeé ṣe láti gbé abẹ́rẹ́ padà sórí ìda náà kí akọrin lè gbọ́ ohun tí ó kọ, àfi bí a bá fẹ́ ba ìda jẹ́. Ẹni tí ó bá ṣìṣe, ìda tuntun ni yóò tún kọjú sí. Ẹnu nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Etí kò tíì ní ìpín.

Ọ̀kan lára àwọn tí ó fún etí ní ìpín tirẹ̀ ni Les Paul, ọmọ Waukesha ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àgbà ọ̀jẹ̀ onígìtá, a-ta-okùn-bí-ẹni-ń-fọhùn. Nínú ilé ọkọ̀ tí ó sọ di sítúdíò ní Hollywood, yóò ta gìtá sínú àwo, yóò mú kí àwo náà máa sọ̀rọ̀, yóò sì máa ta òmíràn tẹ̀ lé e sínú àwo kejì, títí tí ilé-iṣẹ́ Capitol fi gbé “Lover” jáde lọ́dún 1948, níbi tí gìtá mẹ́jọ ti ń dún, tí gbogbo wọn sì jẹ́ tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí dá nìkan di àgbájọ.

Lọ́dún 1949, gbajúmọ̀ akọrin Bing Crosby fún un ní ẹ̀rọ téèpù Ampex kan. Les Paul fi orí kan tí ń ka téèpù kún àwọn orí ẹ̀rọ náà, tí ẹ̀rọ fi lè ka ohùn àtijọ́, kí ó pa á pọ̀ mọ́ ti ìsinsìnyí, kí ó sì kọ méjèèjì sílẹ̀ lákọ̀tun, bí ti àtijọ́ ti ń pa rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni òun àti Mary Ford ìyàwó rẹ̀ ṣe “How High the Moon” tí ó gba ìgboro kan lọ́dún 1951. Kí òǹkàwé rò ó wò: bí Mary bá ṣi ohùn kan pè ní ìpele tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, gbogbo ohun tí wọ́n ti tò jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ṣègbé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tí ń kọrin báyìí kò gbọdọ̀ dẹ́kun gbígbọ́. Ìgboyà yẹn jọ mí lójú ju ọgbọ́n ẹ̀rọ náà lọ.

Ross Snyder ti ilé-iṣẹ́ Ampex ni ó tú ìdè náà. Orí tí ń kọ ohùn àti orí tí ń kà á jìnnà díẹ̀ síra wọn lára ẹ̀rọ, nítorí náà ohun tí akọrin bá gbọ́ láti orí tí ń ka ohùn yóò ti pẹ́ kí ó tó dé etí rẹ̀, ohùn tuntun yóò sì máa wọ́ lẹ́yìn ti àtijọ́. Snyder wá mú kí orí tí ń kọ ohùn náà máa ka àwọn ipa, ìyẹn ojú ọ̀nà ohùn kọ̀ọ̀kan lórí téèpù, tí a ti kọ, bí ó ti ń kọ tuntun lọ́wọ́. Lọ́dún 1957, ẹ̀rọ onípa mẹ́jọ tí a ṣe lọ́nà yìí dé ọwọ́ Les Paul; ipa kọ̀ọ̀kan dá dúró, àṣìṣe ọ̀kan kò sì pa èkejì lára mọ́.

Nígbà tó yá, ọgbọ́n yìí wọ inú ilé: ẹ̀rọ Portastudio ti ilé-iṣẹ́ Tascam, tí ó jáde lọ́dún 1979, gbé ipa mẹ́rin sórí kásẹ́ẹ̀tì lásán. Òun ni akọrin Amẹ́ríkà Bruce Springsteen fi gba àwo orin “Nebraska” sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ìdádúró tí Snyder lé lọ tún padà wọlé. Kọ̀ǹpútà a máa gé ohùn sí ègé 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì máa kó wọn jọ ní ìdì-ìdì kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ìdì kan bá jẹ́ ègé 1,024, ìdá 23 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ni yóò fi dúró, èyí sì tó láti da ẹsẹ̀ orin rú. Ilé-iṣẹ́ Steinberg ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì, gbé ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ ASIO jáde lọ́dún 1997 kí ìdì náà lè kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo yàn láàyò fún ẹni tí ń fi yàrá ara rẹ̀ ṣe sítúdíò ni pé kí àpótí tí a so makirofóònù mọ́ pín ohùn sí méjì, kí ó rán ọ̀kan lọ sínú kọ̀ǹpútà fún kíkọ, kí ó sì darí èkejì tààrà sí etí akọrin. Kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú kò lè dá etí náà dúró.