Ọmọ Ta Ni Í Ṣe? Ìtàn Ọmọdékùnrin Inú Odò Thames

Àwọn baba wa a máa wí pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, ṣùgbọ́n igba ojú ní í tọ́ ọ. Ó yẹ kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ wa fi òwe yìí sọ́kàn bí ó ti ń ka ìtàn tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ṣẹlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tí àwa ń tẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ẹnìkan tí ó ń rékọjá lórí afárá Tower Bridge rí ohun kan tí ó léfòó lójú odò Thames. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbé e jáde nítòsí ilé eré Globe, wọ́n rí i pé ara ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan ni. A ti gé orí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Kò sí ohun mìíràn lára rẹ̀ ju ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn kan lọ, èyí tí a ṣe fún títà ní Jámánì. Wọ́n díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀ sí ọdún 4 sí 7. Ìyá kò wá, baba kò wá, ẹbí kò béèrè. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò dárúkọ rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn sọ ọ́ ní Adam.

Will O'Reilly ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó darí ìwádìí náà, Andy Baker sì ni ọ̀gá rẹ̀. Àwọn méjèèjì rin ìrìn àjò lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní oṣù Kẹrin ọdún 2002, níbi tí Nelson Mandela ti bá wọn ké sí gbogbo ẹbí ní ilẹ̀ Áfíríkà pé ẹni tí ó bá ń wá ọmọkùnrin tí ó tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí kí ó jáde wá. Ẹnikẹ́ni kò jáde.

Nígbà tí ènìyàn kò sọ̀rọ̀, eegun sọ̀rọ̀. Ohun tí a ń jẹ àti omi tí a ń mu ń gba inú ilẹ̀ wá. Àmì àpáta ibi tí a ti dàgbà a sì máa wọ inú eegun wa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní strontium. Wọ́n yẹ eegun ọmọ náà wò, wọ́n rí i pé orí àpáta àtayébáyé ni ó ti dàgbà, irú èyí tí ó wà ní Nàìjíríà. Wọ́n wá sí orílẹ̀-èdè wa, wọ́n kó erùpẹ̀, òkúta àti eegun láti ibi púpọ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé tirẹ̀. Ìwádìí náà tọ́ka sí ilẹ̀ tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Bìní. Nítorí náà kí Yorùbá má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó ni, kí Ẹ̀dó má sì wí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni.

Ìfun ọmọ náà pẹ̀lú sọ tirẹ̀. Ìyẹ̀fun òdòdó igi ilẹ̀ òyìnbó tí wọ́n bá nínú rẹ̀ fi hàn pé ó dé ọ̀hún láàyè. Wọ́n sì bá ẹ̀wà Kàlàbá níbẹ̀, èso olóró tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere, tí a fi ń dán ẹni tí a fura sí wò láyé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra nínú ìdájọ́. Ní àkókò kan náà, a rí àbẹ́là méje tí a fi aṣọ funfun wé létí odò Thames, orúkọ Yorùbá sì wà lára aṣọ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pariwo pé àwọn apànìyàn ni ó ni ín. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tọpasẹ̀ rẹ̀, ó hàn pé àwọn òbí kan ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ọmọ wọn tí ó wà ní New York, tí kò bá ìjàǹbá ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án lọ. Ẹ wò ó bí ọpẹ́ ti fẹ́ di ẹ̀sùn.

Ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán ọkùnrin kan lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin àbọ̀ nítorí pé ó ń kó ènìyàn wọ ìlú lọ́nà èrú. Ṣùgbọ́n a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú Adam títí di òní. Ní ọdún 2006 ni wọ́n sin ọmọ náà sí ìtẹ́ òkú Southwark, láìsí orúkọ lórí ibojì rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá díẹ̀ ni ó ṣe ẹbí fún un lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 2011, obìnrin kan dárúkọ ọmọ náà, àwòrán ọmọdé kan sì jáde. Ní ọdún 2013 a rí i pé ọmọ inú àwòrán náà wà láàyè ní Jámánì.

O'Reilly ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Adam kò fẹ̀yìntì lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó tún jáde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kí ayé má bàa gbàgbé. Àlejò ni ó jẹ́ sí ọmọ náà. Bí àlejò bá lè gbé ọ̀rọ̀ ọmọ wa lé orí tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí àwa tí a ni ín ṣe?

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ọ̀bẹ ìkà, bí kò ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí wọ́n ti ń wá ẹni tí Adam í ṣe, àwọn ọlọ́pàá béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìwé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kéde ní ọdún 2005 pé 300 ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọdún 4 sí 7, ni kò sí nínú ìwé mọ́ láàárín oṣù mẹ́ta péré ní ọdún 2001. Gbogbo wọn, àfi ẹyọ kan, ni ó ti Áfíríkà wá. Méjì péré ni wọ́n sì rí tọpasẹ̀ rẹ̀. N kò wí pé ibi bá wọn. Ọ̀pọ̀ ti lè padà wálé. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí ẹni tí ó lè dáhùn.

Àṣà fífi ọmọ fún ìbátan tọ́ jẹ́ àṣà rere, òun ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di ènìyàn. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ ẹni tí a fi ọmọ fún kò jìnnà, àwọn ará ọjà a sì máa sọ fún wa bí ọmọ ti ń ṣe. Nísinsìnyí òkun wà láàárín. Nítorí náà mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé kan, nílé àti ní ẹ̀ka ìdálẹ̀ gbogbo, tí a ó máa kọ orúkọ ọmọ tí ó bá jáde ní ìlú sí, àti ẹni tí ó mú un lọ, àti ibi tí ó ń gbé. Kí a sì máa béèrè rẹ̀ lọ́dọọdún nígbà ìpàdé ńlá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.