Àwọn Tó Fi Etí Wá Ilé

Lọ́dọọdún, bí ọdún Ifá bá ti ń kanlẹ̀kùn, bọ́ọ̀sì a máa já àwọn àlejò sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn kan ti Bàhíà wá, àwọn kan ti Havana, àwọn mìíràn ti New York tàbí London. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ aborìṣà. Orin ló gbé ẹlòmíràn kúrò nílé, ìwé ìtàn kan ló sì gbé ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ arìnrìnàjò wọ̀nyí ń tọ̀ kì í sábà yàtọ̀: Èkó, Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́, Òṣogbo, kí wọ́n tó wá gun Òkè Ìtasẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn lè rò pé àṣà òde òní ni, pé ọkọ̀ òfurufú ló bí i. Ọ̀nà náà ti wà kí ọkọ̀ òfurufú tó wà, etí ló sì ṣamọ̀nà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ tọ̀ ọ́.

Ọ̀tẹ̀ kan ló fa ọ̀pọ̀ nínú ìpadàbọ̀ àkọ́kọ́. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, dìde sí ìjọba ní ìlú Salvador ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni ìjọba ti borí wọn. Ìyà tó tẹ̀lé e kò mọ sórí àwọn tó jà nìkan. Ó kan àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti ra òmìnira ara wọn, débi pé ọ̀pọ̀ wọn wá ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn padà. Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Àwọn ni Èkó ń pè ní Àgùdà, tí Pópó Àgùdà fi ń jẹ́ orúkọ wọn títí dòní. Ìran wọn là ń rántí fún ilé mèremère, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà. A kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí pé àwọn kan nínú wọn ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀. Obì, ọṣẹ dúdú, epo pupa àti aṣọ òfì ń ti Èkó lọ sí Bàhíà, nítorí àwọn ilé òrìṣà tó wà lọ́hùn-ún kò lè ṣe láìsí wọn. Ibi tí obì bá ti ń kọjá, ọ̀rọ̀ náà ń kọjá.

Nínú irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sí Èkó ní 1875. Martiniano Eliseu do Bonfim ni ọmọ náà ń jẹ́. Salvador ni wọ́n bí i sí ní 1859, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀. Oko ẹrú kò tíì dópin ní Bràsíl nígbà náà; ó di 1888 kí òfin tó fòpin sí i. Ọdún mọ́kànlá ni Martiniano lò ní Èkó. Ó lọ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì, ó mọ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ Yorùbá kọ, ó mọ̀ ọ́n kà, ó sì kọ́ Ifá pẹ̀lú. Nígbà tó padà ní 1886, babaláwo ni, àwọn ilé òrìṣà Bàhíà sì ń tọ̀ ọ́ lọ fún ọ̀rọ̀ tó bá rú wọn lójú.

Lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ni Ìyá Aninha, tí wọ́n dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910. Ní àárín àwọn ọdún 1930, àwọn méjèèjì gbé ìgbìmọ̀ Ọba Ṣàngó méjìlá kalẹ̀ nínú ilé náà, mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́fà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ oyè wọn yóò mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá lójú ẹsẹ̀: Kakaǹfò, Olúgbọ́n, Arẹ̀sà, Oníkòyí. Àwọn olùwádìí kan ti sọ pé ní Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, kò sí ìgbìmọ̀ tí a tò báyìí yí Ṣàngó ká. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bi ilé léèrè ìdí tí kò fi jọ igi tí a fi kọ́ ọ. Ohun tí Martiniano gbọ́ nígbà èwe ló fi kọ́lé fún àwọn tí kò ní ànfààní láti dé Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ náà sì dá wọn lóhùn nígbà tó yá: ní 1952, Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di Fátúmbí nídìí Ifá, gbé lẹ́tà Aláàfin lọ sí Bàhíà, oyè Ìyá Nàsó ni Kábíyèsí sì fi ránṣẹ́ sí Ìyá Senhora, tí wọ́n ń ṣe olórí Òpó Àfọ̀njá lásìkò náà.

Ohùn náà tún rìn lọ́nà mìíràn. Lorenzo Dow Turner, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ èdè, gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lọ sí Bàhíà ní 1940. Ó gba ohùn àwọn ará ilé òrìṣà sílẹ̀, ti Martiniano wà lára wọn, ọdún mẹ́ta péré kí bàbá náà tó papòdà. Ní 1951, Turner wá sí Nàìjíríà, ó sì gbé àwọn ohùn Bàhíà náà sétí àwọn ọmọ Yorùbá nílé. Ó yẹ kí a rò ó wò: àwọn ènìyàn jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n sì ń gbọ́ èdè wọn lẹ́nu ẹni tí àwọn bàbá rẹ̀ ti kúrò nílé láti ìran mélòó kan.

Ní ti ìrìnàjò ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti orin gan-an, ìgbà òmìnira ló bí i. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1961, ọ̀wọ́ àwọn olórin àti òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà bọ́ sílẹ̀ ní Èkó. Langston Hughes wà nínú wọn, Nina Simone, Lionel Hampton àti Randy Weston náà wà níbẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ni Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, gbé àwo Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà, tí ìlù Yorùbá fi wọ ilé àwọn tí kò tíì fojú kan Áfíríkà rí. Lẹ́yìn náà ni FESTAC wá ní 1977, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣèré àti onímọ̀ ló wá, a sì ti kọ púpọ̀ nípa rẹ̀.

Ìlù bàtá ló yẹ kí a jókòó tì. Fernando Ortiz, onímọ̀ ọmọ Kúbà, gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà Havana pé ní nǹkan bí 1830, ọkùnrin méjì tí a kó láti ilẹ̀ Yorùbá pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Añabí, èkejì ń jẹ́ Atandá. Onílù kankan nílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ orúkọ àkọ́kọ́ fún un: Àyànbí ni, ọmọ ilé Àyàn. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń lu bàtá ní Havana, ṣùgbọ́n ìlù tí a kò ṣe ètùtù sí ni. Atandá mọ igi gbẹ́, Añabí mọ ohun tí a ń fi sínú ìlù. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe bàtá mímọ́ àkọ́kọ́ ní Kúbà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìlù tuntun, ìlù àgbà ní láti wà níbẹ̀ kí ó fún un ní ohùn, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń bí ọmọ.

Nígbà tí onílù Kúbà bá wá dé Ọ̀yọ́ tàbí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tó wà lẹ́bàá Òṣogbo, ohun tó máa ń kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé ìlù náà kò jọra. Nílé, a ń gbé bàtá kọ́rùn, a ń fi ọwọ́ kan lu ojú ńlá, a sì ń fi bílálà lu ojú kékeré. Ní Kúbà, orí ìjókòó ni alùbàtá wà, ìlù dùbúlẹ̀ sórí itan rẹ̀, ọwọ́ lásán ni ó fi ń lu ojú méjèèjì. Ìyáàlù, omele abo, omele akọ àti kúdi ni tilé. Mẹ́ta ni ti Kúbà, iyá, itótele àti okónkolo, wọn kò sì gbọdọ̀ pé mẹ́rin. Bàtá ilé ń sọ̀rọ̀: ó ń kini, ó ń ki òrìṣà, ó sì lè bú ènìyàn bí ó bá wù ú. Ní Kúbà, èdè Yorùbá ti kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìlù kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n tọ́jú ètò kíkí òrìṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlù òrìṣà kan tẹ̀lé ti èkejì, láìfi ọ̀kan fo ọ̀kan, wọn kò sì jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tí kò gba àṣẹ kan ìlù mímọ́.

Èwo wá ni ògidì? Ìbéèrè yìí ni àlejò máa ń gbé wá, olùtọ́nà a sì máa yára dáhùn pé tilé ni. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé Àyàn ti di ilé Mùsùlùmí, ọ̀dọ́ tó bá sì fẹ́ fi ìlù jẹun yóò tètè sáré sídìí dùndún àti orin fújì ju bàtá òrìṣà lọ. Nígbà tí àjèjì bá béèrè ìlù kan tí a ti fi sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àgbà inú ilé ní láti ronú kí ó tó rántí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nítòsí a sì gbọ́ ọ pẹ̀lú àlejò. Ìrìnàjò alejò ti di ìdí tí ọmọ ilé fi kọ́ ohun ilé.

Ọ̀nà yìí tilẹ̀ máa ń yí po kí ó tó délé. Efuntola Adéfúnmi, tí wọ́n bí ní Detroit ní 1928 gẹ́gẹ́ bí Walter Eugene King, Kúbà ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ìlú Matanzas ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nídìí Ọbàtálá ní 1959. Ó dá ìlú Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, ọdún méjì lẹ́yìn náà ló wá tẹfá ní Abẹ́òkúta. Ní 1981, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé fi oyè dá a lọ́lá ní Ifẹ̀. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹfà, ni àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ìṣẹ̀ṣe òrìṣà wáyé ní Ifẹ̀, tí àwọn ará Bràsíl, Kúbà, Trinidad àti Amẹ́ríkà jókòó ti àwọn babaláwo ilé. Èyí tó tẹ̀lé e, ní 1983, Salvador ni wọ́n ti ṣe é. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń fi Ifá pamọ́ fún ẹlẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, kì í ṣe ohun kékeré pé kí àlejò wọkọ̀ òfurufú nítorí rẹ̀.

Ètò ìrìnàjò òde òní a máa yára jù. Òwúrọ̀ kan ní Àgbádárìgì, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ iyanrìn Gbẹ̀rẹ̀fù lọ sétí òkun tí a ti kó ẹrú wọkọ̀. Ọ̀sán kan ní Igbó Ọ̀ṣun. Onílù lù, àlejò jó, wọ́n ná owó mọ́ ọn lórí, bọ́ọ̀sì fọn fèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí àlejò gbé wá lẹ́nu. Ìlú kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í dé, nítorí ẹnubodè wà láàárín. Ìlú náà ni Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí Dahomey fọ́ ní 1886, tí wọ́n sì tún tẹ̀ dó lẹ́yìn náà. Ẹnubodè àtijọ́ rẹ̀, Akaba Ìdènà, ṣì wà níbẹ̀.

Ní 1967, ọmọkùnrin Ìyá Senhora, Deoscóredes dos Santos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mestre Didi, dé ààfin Alákétu pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Juana Elbein. Verger ló mú wọn lọ. Ọdún náà gan-an ni ìyá rẹ̀ papòdà. Didi kí Kábíyèsí, ó sì fi èdè Yorùbá kọrin tí wọ́n ń kọ ní ilé wọn ní Bàhíà. Ó ya àwọn ará ààfin lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló ki oríkì ìdílé rẹ̀, gbólóhùn kúkúrú kan tí wọ́n ti ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìran dé ìran ní Salvador, láàárín àwọn ènìyàn tí èdè Potogí ti gba ẹnu wọn. Inú oríkì náà ni orúkọ Aṣípa wà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; orúkọ ni Didi ní lọ́wọ́ tó fi ń wá ilé. Bí Alákétu ti gbọ́ ọ, wọ́n dìde lórí àga, wọ́n sì na ọwọ́ sí apá ibi tí ìdílé Aṣípa ń gbé, tí kò jìnnà sí ààfin.

Wọ́n mú un lọ sí agbo ilé náà. Nígbà tó tún oríkì yẹn kì níbẹ̀, àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n, nítorí tiwọn ni. Ó padà sí Salvador, ní 1980 ó sì dá ilé Egúngún kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé Aṣípa ló pè é.