Àwa Tí Wọn Ò Lé

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìkẹjà, iye ènìyàn tí wọ́n lé ni wọ́n máa ń kà. Àwa tó kù sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní orí ló yọ wá. Mo fẹ́ sọ tiwa, èmi tí mò ń ti Ìṣẹ̀rí Olówóra lọ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ ní Ìkẹjà láyé ìjọba Babangida.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ti ń kó ilé-iṣẹ́ wá sí Ìkẹjà kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó dáyé ní 1967. Ọba Akran ti Àgbádárìgì, mínísítà nínú ìjọba yẹn, ni wọ́n fi sọ títì ńlá ibẹ̀ lórúkọ. Ẹni tó bá ríṣẹ́ síbẹ̀ nígbà náà gbà pé ibẹ̀ lòun máa ti fẹ̀yìn tì. Ní 1975, ìjọba Murtala lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba la ka ìyẹn sí. Ìgbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé ní 1986 ló kàn wá. Náírà kan ààbọ̀ tí à ń ṣẹ́ sí dọ́là kan di bíi náírà 4 ní 1987. Aró àti ẹ̀yà ẹ̀rọ, òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, ni ilé-iṣẹ́ wa bá ní àfi kí àwọn dín òṣìṣẹ́ kù.

Òfin iṣẹ́ ti 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ sọ ìdí àti iye ẹni tó máa lọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹni tó dé kẹ́yìn sì kọ́kọ́ lọ, àfi tí iṣẹ́ bá yé e ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bó ṣe di pé àwọn ọmọ tí a fọwọ́ ara wa kọ́ níṣẹ́ ló lọ nìyẹn. Òfin náà ò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ẹni tó kù.

Pákó kan wà lẹ́nu géètì tí a ń ki káàdì iṣẹ́ bọ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n lé wọn, ojú ihò tó ṣófo ní ìlà tiwa pọ̀ ju èyí tí káàdì wà lọ. Láti ọjọ́ náà, a kì í kí ara wa mọ́ láàárọ̀ àfi tí kálukú bá kọ́kọ́ rí káàdì tirẹ̀.

Ẹ̀rọ ẹni méjì wá di tèmi nìkan. Bí òwú bá já lápá ibí, tọ̀ún náà á já, mà á máa sáré láàárín wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Owó oṣù ò kúrò lójú kan. Ta ló fẹ́ bèèrè? Àwọn tó ń wáṣẹ́ kún ẹnu géètì. Aláìsàn ń wá síṣẹ́. Àwọn tó máa ń pariwo jù nípàdé ẹgbẹ́ panu mọ́. Súpáfáísọ̀ wa, ẹni jẹ́jẹ́, dá jókòó ní káńtíìnì, nítorí wọ́n ní òun ló kọ orúkọ àwọn tí wọ́n lé. Títí dòní, mi ò gbà pé òun ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n lé ni mo pàdé lọ́jà Mile 12, ó ń ta àlùbọ́sà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. “Ọ̀gá, wọn ò tíì lé yín?” Kò fi bú mi o, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó di àlùbọ́sà fún mi, ó kọ owó.

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ gba kásúà, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, láti ọwọ́ alágbàtà. Àwa náà la kọ́ wọn, lórí ẹ̀rọ àwọn tó lọ, owó tí wọ́n sì ń san fún wọn ò tó ìdajì tiwa. A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, a sì kọ́ wọn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Dunlop pàápàá dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Ìkẹjà ní December 2008. Ilé-iṣẹ́ tiwa ti tì kó tó dìgbà náà. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lé ti gba owó ìdádúró-lẹ́nu-iṣẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí owó ṣì ń ra nǹkan. Ọmọ alálùbọ́sà yẹn fi tiẹ̀ ra ilẹ̀. Àwa tó dúró dópin, ọ́fíìsì lọ́yà la ti ń gba tiwa díẹ̀díẹ̀, àwọn kan nínú wa sì kú kó tó kàn wọ́n.