Kọ́kọ́rọ́ Kan fún Ilẹ̀kùn Púpọ̀: Ìtàn Ìwọlé Ẹ̀ẹ̀kan Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì àti Ohun Tó Já Sí fún Okòwò ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin

1.0 Ìfáàrà

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìlú olódi láyé àtijọ́, kò sí ẹni tí yóò wọlé láìkọjá lọ́dọ̀ oníbodè. Ìbéèrè méjì ni oníbodè máa ń bèèrè: ta ni ọ́, kí sì ni ẹ̀rí rẹ? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ àti páásíwọọ̀dù ni ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ìkànnì tí ènìyàn ń lò ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni páásíwọọ̀dù ń di ẹrù. Oníṣòwò kan ní Sùúrùlérè lè ní ti ímeèlì, ti báǹkì, ti ìṣirò owó, ti ìkànnì ìtajà àti ti ilé iṣẹ́ tó ń bá a kó ọjà fún oníbàárà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ wá láti sọ ẹrù yìí kalẹ̀. Èkínní ni ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń fi ara rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí gbogbo ilẹ̀kùn iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì ṣí. Èkejì ni ìwọlé nípasẹ̀ ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, níbi tí oníbàárà ti ń tẹ bọ́tìnì Google tàbí Facebook, tí ilé iṣẹ́ ńlá náà yóò sì jẹ́rìí fún ìkànnì ìtajà pé òun mọ̀ ọ́n.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpa ìtàn ọ̀nà méjèèjì títí dé Yábàá àti agbègbè rẹ̀. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn ẹ̀rọ nìkan. Ìtàn ẹni tí a gbà gbọ́ ni. Ẹ̀rí ni okòwò ń yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà tó bá lo irú ìwọlé yìí. Kò sì yẹ kí ẹni tó yá ẹ̀rí fi orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ìdógò.

2.0 Ìjẹ́rìí níwájú oníbodè ṣáájú ayé kọ̀ǹpútà

Kì í ṣe ohun àjèjì fún Yorùbá pé kí ẹnìkan jẹ́rìí fún ẹlòmíràn lẹ́nu ibodè. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlàrí wà lára àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin. Orí wọn tí a fá lápá kan jẹ́ àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀ ní àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Oníbodè kò ní láti rí Aláàfin fúnra rẹ̀. Àmì tó rí ti tó o. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àrokò. Ẹni tó gbé àrokò lọ́wọ́ lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí mọ ẹni tó di í àti ohun tó ń wí.

Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ètò yìí: ẹni tó ń jẹ́rìí, ẹni tí a ń jẹ́rìí fún, àti ẹni tó gba ẹ̀rí náà wọlé. Bí ẹnìkan nínú wọn bá yẹ̀, ètò ti dàrú. Èèyàn mẹ́ta wọ̀nyí gan-an ni ó wà nínú ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan lónìí.

3.0 Láti páásíwọọ̀dù dé tíkẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 1961, ní MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ètò CTSS han ayé, èyí tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa lo kọ̀ǹpútà kan náà ní àkókò kan náà. Kí fáìlì ẹnìkan má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n fún oníkálukú ní páásíwọọ̀dù. Kò pẹ́ tí àléébù fi yọjú. Ní ọdún 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ tí wákàtí tí wọ́n pín fún un kò tó o, ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì tí gbogbo páásíwọọ̀dù wà nínú rẹ̀ sórí ìwé. Ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ fún un. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ibi tí a bá kó àṣírí gbogbo ènìyàn jọ sí ni olè yóò kọ́kọ́ yà.

Ní ọdún 1983, MIT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Athena pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ IBM àti Digital Equipment Corporation, láti tan kọ̀ǹpútà káàkiri ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Láti inú iṣẹ́ yìí ni Kerberos ti jáde, tí a fi orúkọ ajá olórí mẹ́ta inú ìtàn àwọn Gíríìkì sọ, ajá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ipò òkú. Nínú Kerberos, páásíwọọ̀dù kì í rìnrìn àjò káàkiri. Òǹlò yóò fi ara rẹ̀ han oníbodè àárín lẹ́ẹ̀kan, yóò sì gba tíkẹ́ẹ̀tì tó ní àkókò tí agbára rẹ̀ yóò pin. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ni yóò máa fi han ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ímeèlì àti ibi ìpamọ́ fáìlì. Nígbà tí Microsoft fi Kerberos sínú Windows 2000, ìlànà tí a ṣe fún ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan wọ ọ́fíìsì káàkiri àgbáyé.

4.0 Àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò di kọ́kọ́rọ́ mú

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì di ọjà, ọ̀rọ̀ kọjá ti ọgbà kan. Ní ọdún 1999, Microsoft gbé Passport jáde, pẹ̀lú èrò pé àkáǹtì kan láti ọ̀dọ̀ òun yóò máa ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀ púpọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò fara mọ́ ọn pé kí ẹnìkan ṣoṣo jẹ́ oníbodè gbogbo ayé. Ní ọdún 2001, Sun Microsystems àti àwọn mìíràn dá Liberty Alliance sílẹ̀ láti ṣe ìlànà tí ẹnikẹ́ni lè lò. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005, eBay pàápàá ti kọ Passport sílẹ̀. Ọdún náà ni ẹ̀dà kejì SAML jáde. Lẹ́tà ìjẹ́rìí ni SAML: ilé iṣẹ́ kan buwọ́ lù ú, èkejì yẹ ìbuwọ́lù náà wò, ó sì gba àlejò wọlé.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga náà kò gbẹ́yìn. Ètò tí wọ́n ṣe, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2003, ni a ń pè ní Shibboleth. Inú Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí kejìlá ni orúkọ náà ti wá, níbi tí àwọn ará Gileadi ti ń mú kí ẹni tó fẹ́ sọdá Jọ́dánì pe ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí kò bá lè pe ṣ, tó pe s dípò rẹ̀, ará Efraimu ni. Ìyàtọ̀ s àti ṣ yìí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ tó bá mọ àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá. Nípasẹ̀ ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ ibi ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ mìíràn láìgba páásíwọọ̀dù tuntun.

Fún àwọn òǹlò yòókù, Brad Fitzpatrick gbé OpenID jáde ní ọdún 2005. Ní àkókò náà, àṣà kan tó léwu ti gbilẹ̀: ìkànnì tuntun a máa bèèrè páásíwọọ̀dù ímeèlì lọ́wọ́ ènìyàn kí ó lè rí orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Èyí dà bí ìgbà tí ènìyàn bá kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé fún ọmọ tí ó rán lọ mú ìgbálẹ̀ wá láti ẹ̀yìnkùlé. OAuth, tó jáde ní ọdún 2007, ni a ṣe láti fòpin sí i. Dípò páásíwọọ̀dù, àmì ìyọ̀ǹda ni a ń fún ìkànnì náà. Àmì yìí ní ìwọ̀n ohun tó lè ṣe, ẹni tó fún un sì lè gbà á padà. Facebook Connect tẹ̀lé e ní ọdún 2008, OAuth 2.0 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, OpenID Connect sì dé ní oṣù kejì ọdún 2014. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì: OAuth ń sọ ohun tí a yọ̀ǹda fún ìkànnì láti ṣe, OpenID Connect ń sọ ẹni tí àlejò náà jẹ́.

5.0 Bí ìwọlé yìí ṣe dé Yábàá

Ní ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, káfè íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin ti ń ka ímeèlì wọn. Níbẹ̀, ènìyàn púpọ̀ ló ń jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà kan náà láàrin ọjọ́ kan. Ẹni tó bá gbàgbé láti jáde nínú àkáǹtì rẹ̀ ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún ẹni tó kàn.

Okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun wá gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2010. Ní ọdún 2011, Bosun Tijani àti Femi Longe ṣí Co-Creation Hub sí ojú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yábàá. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di àdúgbò ẹ̀kọ́ nígbà náà: Yábàtẹ́ẹ̀kì ti wà láti ọdún 1947, Yunifásítì Èkó sì ti wà ní Akọ́kà láti ọdún 1962. Andela náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ní ọjọ́ kẹtalélógún dín ní ọ̀kan lẹ́yìn tí oṣù kẹjọ ọdún 2016 ti bọ́ sí ọjọ́ 8, ìyẹn ọjọ́ 30 oṣù náà, Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ wá sí Co-Creation Hub.

Ìdí tí okòwò kékeré fi ń gba bọ́tìnì ìwọlé yìí mọ́ra kò ṣòro láti rí. Ẹni tó ń ta bàtà ní Muṣin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìkànnì, kò ní láti tọ́jú páásíwọọ̀dù ẹnikẹ́ni. Bí olè bá wọlé, kò ní bá a níbẹ̀. Oníbàárà pẹ̀lú kò ní sá nítorí fọ́ọ̀mù gígùn. Fún ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́, àǹfààní mìíràn tún wà: ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, títi àkáǹtì kan ti tó láti ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

6.0 Nígbà tí oníbodè kò bá sí lẹ́nu ibodè

Àmọ́ ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ń ṣí, ẹlòmíràn náà lè tì í. Ìtàn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn fi ọ̀nà mẹ́rin hàn tí èyí lè gbà ṣẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni olè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Facebook kéde pé àwọn kan ti jí àmì ìyọ̀ǹda àwọn òǹlò. Lẹ́yìn ìwádìí, ó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 àkáǹtì ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò páásíwọọ̀dù mọ́.

Èkejì ni pé kí oníbodè kógbá wọlé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Google ti ìkànnì Google+ pa fún gbogbo ènìyàn. Ìkànnì tó bá gbára lé bọ́tìnì rẹ̀ ní láti wá ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni àṣẹ ìjọba. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ìdádúró Twitter, wọn kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìdádúró náà kò bófin mu. Ṣùgbọ́n okòwò tó bá ti fi Twitter nìkan ṣe ẹnu ọ̀nà fún oníbàárà kò lè fi ìdájọ́ yẹn ra oṣù méje padà.

Ẹ̀kẹrin ni àṣìṣe lásán. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àyípadà tí kò tọ́ nínú ètò ẹ̀rọ Facebook mú kí Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Àwọn tó ń fi bọ́tìnì Facebook wọ ìkànnì mìíràn náà dúró síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun kò ṣe ìkànnì tí wọ́n fẹ́ wọ̀.

7.0 Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́

Ní Nàìjíríà, ìgbìyànjú mìíràn wà láti dá ènìyàn mọ̀ níbi púpọ̀ nípasẹ̀ ohun kan. Òfin NIMC ti ọdún 2007 ló fi ìpìlẹ̀ NIN lélẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ BVN ní oṣù kejì ọdún 2014. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a so NIN mọ́ káàdì fóònù, JAMB sì sọ ọ́ di dandan fún ìdánwò ọdún 2021.

Ó yẹ kí olùkọ́ la ìyàtọ̀ yìí yé akẹ́kọ̀ọ́. NIN àti BVN dà bí orúkọ: wọ́n ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, ṣùgbọ́n mímọ orúkọ ẹnìkan kò sọ ènìyàn di ẹni náà. Ìdí nìyí tí ìka ọwọ́, àwòrán ojú tàbí nọ́ńbà tí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù fi máa ń tẹ̀lé wọn. Òfin ìdáàbòbò dátà tí a buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tún fi kún un pé ohun tí ilé iṣẹ́ bá gbà nípa ènìyàn kò gbọdọ̀ ju ohun tó nílò fún iṣẹ́ tó ń ṣe lọ.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Láti ìlàrí dé OpenID Connect, ìlànà kan náà ni: ẹni tí a gbà gbọ́ jẹ́rìí fún ẹni tí a kò mọ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ìtàn yìí fi sílẹ̀ fún okòwò àti ilé ẹ̀kọ́ ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin. Kí bọ́tìnì Google tàbí Facebook má jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí ímeèlì tàbí nọ́ńbà fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ara rẹ̀, kí oníbàárà lè pààrọ̀ ẹnu ọ̀nà láìpàdánù ìtàn rírà àti títà. Kí a má bèèrè ju orúkọ àti ímeèlì lọ níbi tí wọ́n bá ti tó. Kí a sì fi ẹ̀rí kejì ṣọ́ àkáǹtì tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tó bá jí i kò jí ohun kan ṣoṣo.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Oníṣòwò tó ya kọ́kọ́rọ́ lò kò ṣe àìdáa, bí ó bá ṣáà ti ní ilẹ̀kùn kan tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣí ní ọjọ́ tí oníkọ́kọ́rọ́ kò bá sí nílé.