Aago Ìkànnì Tó Fi Wákàtí Kan Sẹ́yìn: Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe Nínú PHP

Bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá lù ní Ìpókíà, aago mẹ́jọ náà ló lù ní Ìgòlò, ní òdì kejì ẹnubodè Ìdí-Irókò. Wákàtí kan ni Nàìjíríà àti Benin fi ṣíwájú aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC. Síbẹ̀, ìkànnì tí ọmọ Ìpókíà fi èdè PHP kọ lè máa sọ pé aago méje ni.

Ohun tó ń fa èyí ni pé a kò sọ àgbègbè aago wa fún PHP. Nínú ẹ̀dà 5.3, tó jáde ní ọdún 2009, PHP máa ń kọ ìkìlọ̀ sójú ìwé bí a kò bá yan àgbègbè kankan. Nígbà tí ẹ̀dà 7.0 dé ní ọdún 2015, wọ́n yọ ìkìlọ̀ náà kúrò. Láti ìgbà náà, UTC ni PHP ń lò láìfọhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: rìsíìtì tí a já fún oníbàárà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago méjìlá òru yóò gbé déètì àná, ìṣirò owó ọjọ́ méjì yóò sì dàrú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ ṣí fáìlì php.ini, kí ẹ wá ìlà date.timezone. Bí àmì ; bá wà níwájú rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí:

date.timezone = "Africa/Lagos"

Lẹ́yìn náà, ẹ pa sáfà, kí ẹ sì tún un tàn. Bí nǹkan kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé fáìlì mìíràn ni PHP ń kà. Phpinfo() yóò fi èyí tó ń kà hàn yín. Ẹni tó háyà àyè lórí sáfà ẹlòmíràn, tí kò sì lè fọwọ́ kan php.ini, lè kọ èyí sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀:

date_default_timezone_set('Africa/Lagos');

Ẹ má ṣe kọ Africa/Ipokia. PHP kò mọ̀ ọ́n. Africa/Porto-Novo yóò fún yín ní wákàtí tó tọ́, ṣùgbọ́n Africa/Lome àti Africa/Accra yóò fi wákàtí kan sẹ́yìn. Europe/London ló ń tanni jù: ó bá aago wa mu láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn náà ni yóò ṣìnà.

Lákòótán, ẹ kọ echo date('H:i'); Kí ẹ sì fi ohun tó bá gbé jáde wé aago ọwọ́ yín. Bí méjèèjì bá dọ́gba, iṣẹ́ ti parí.