Ọ̀rọ̀ Ìkọ̀kọ̀ àti Ibi Ìdáfá: Láti Ìloro Agboolé dé Yàrá Àyágbé ní Muṣin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò dá lórí ìbéèrè méjì tí ó so mọ́ ara wọn: níbo ni ó yẹ kí ènìyàn ti dá Ifá, ta ni ó sì yẹ kí ó gbọ́ ohun tí ó bá wá síbẹ̀? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni ó ti jáde lórí odù àti ẹsẹ Ifá. Ibi ìdáfá gan-an ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin. Èrò mi ni pé ní agboolé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ni a ń fi pamọ́, a kì í fi ènìyàn pamọ́. Nígbà tí ìlú ńlá dé, ènìyàn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi pamọ́, a sì dẹwọ́ lórí ọ̀rọ̀. Ìyípadà yìí kò kéré.

I. Àṣírí tí ó wà nínú ìlànà

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí a ṣe ń dá Ifá. Nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò bá dé ọ̀dọ̀ babaláwo, ìlànà kò ní kí ó sọ ohun tí ó bá wá. Yóò mú owó, ìbáà ṣe owó ẹyọ ní àtijọ́ tàbí owó ìjọba lóde òní, yóò gbé e sún mọ́ ẹnu, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí babaláwo má baà gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi owó náà lélẹ̀, tí babaláwo yóò fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ kàn án, tí yóò sì dá Ifá. Nínú odù 256, ọ̀kan ni yóò yọ. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ tí ó mọ̀ nínú odù náà, títí oníbéèrè yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbò ni a ń lò. Oníbéèrè yóò pa owó ẹyọ mọ́ sí ọwọ́ kan, yóò sì pa egungun mọ́ sí ọwọ́ kejì. Babaláwo kò mọ èyí tí ó wà ní ọ̀tún tàbí ní òsì; odù tí ó bá jáde ni yóò sọ ọwọ́ tí a ó là.

William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ṣàlàyé ìlànà yìí ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tí ó jáde ní 1969. Iṣẹ́ méjì ni mo rí i pé ìlànà náà ń ṣe. Èkíní, ó ń dán babaláwo wò, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè kò lè fi ọgbọ́n àròyé wá ìdáhùn sí i. Èkejì, ó ń dáàbò bo oníbéèrè. Ẹ fi èyí wé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú Ìjọ Kátólíìkì. Ìpàdé ńlá Ìjọ náà ní 1215 fi òfin de àlùfáà pé kò gbọdọ̀ tú ohun tí ó gbọ́ síta; ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Charles Borromeo, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Milan, ṣètò àpótí ìjẹ́wọ́ tí ó ní ìdábùú láàárín àlùfáà àti ẹni tí ń jẹ́wọ́. Bákan náà, káàdì tarot, tí wọ́n fi ń ṣe ayò ní Ítálì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún kí ó tó di ohun èlò àyẹ̀wò ní ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, sábà máa ń mú oníbéèrè àti ẹni tí ń wo káàdì jókòó sọ̀rọ̀ ní ojúkojú. Àlùfáà gbọ́ tán kí ó tó pa á mọ́; ẹni tí ń wo káàdì náà gbọ́. Babaláwo kò gbọ́ rárá. Ohun tí etí kò gbọ́, ẹnu kò lè tú u.

II. Ìloro agboolé

Bí a bá lóye èyí, a ó mọ ìdí tí ibi ìdáfá fi lè wà ní gbangba láyé àtijọ́. Ìloro tàbí gbàgede ni babaláwo ń jókòó sí. Àwọn ọmọ awo wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́, ìkọ́ṣẹ́ náà a sì máa gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìyàwó ilé ń kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá jẹ́ pé oníbéèrè ń ké ìṣòro rẹ̀ jáde ni, kò sí bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe pamọ́ ní irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó sọ sí owó nìkan ni ó mọ ibi tí ẹsẹ náà ti bá a wí. Lílọ sí ọ̀dọ̀ babaláwo pàápàá kì í ṣe ohun ìtìjú. A ń ṣe àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun, a ń béèrè lórí ìgbéyàwó, lórí oko àti lórí ìrìn àjò, gbogbo ará ilé sì mọ̀.

III. Òfin àti ìlú tí ń fẹ̀

Ohun mẹ́ta ni ó yí ọ̀rọ̀ padà ní Èkó lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1861. Ẹ̀sìn ni èkíní: fún ẹni tí ó ti gba ìrìbọmi, bí wọ́n bá rí i ní ẹnu ọ̀nà babaláwo, ẹ̀ṣẹ̀ ti dé, ohun yòówù kí ó bá lọ síbẹ̀.

Òfin ni èkejì. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a fi lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1916 ní abala kan, èyí tí a wá mọ̀ sí abala 423, tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn gbà láti sọ ọjọ́ iwájú fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó sọ pé ọgbọ́n awo ni òun fi lè mọ ibi tí ohun tí ó sọnù wà. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni ìjìyà rẹ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wà nínú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ilẹ̀ wọn ní 1824 nípa àwọn alárìnkiri. Òfin ti 1916 yìí ni ó de Èkó títí Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ ní 2011. Iṣẹ́ tí òfin ń wò bí ẹ̀tàn kò ní fẹ́ràn gbàgede.

Ilẹ̀ ni ẹ̀kẹta, òun ni mo sì kà sí jù. Àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Ní 1928 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú ṣe sílẹ̀, èyí tí ó la ilẹ̀ Yábàá fún ilé gbígbé. Láti 1955, ìgbìmọ̀ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó agboolé ní àárín gbùngbùn Èkó, ó sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, tí ó ṣe ìwádìí láàárín wọn, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1961 pé ẹbí tí ó ń rí ara wọn lójoojúmọ́ kò rí ara wọn mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, àti pé oníṣòwò pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀ nítorí ọ̀nà jíjìn àti owó ọkọ̀. Ohun tí ó bá ọjà jẹ́ báyìí kò lè ṣàì kan ìdáfá, nítorí ìloro náà wó pẹ̀lú agboolé. Ilé ìjọba fún ènìyàn ní yàrá. Kò fún un ní ìloro.

IV. Yàrá ní Muṣin

Muṣin wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti rí ilé tí agbára wọn ká: ilé olójúkojú, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la àárín kọjá, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé sì jọ ń lo ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Ìdílé kan ni ó sábà máa ń wà nínú yàrá kan. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ògiri létí lóòótọ́. Àwọn tí ó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ẹbí. Onílé lè wà níbẹ̀, ọmọ ìjọ ẹni lè wà níbẹ̀, orogún sì lè ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀.

Bí ibi kan ṣe lè tú àṣírí ènìyàn kò ṣòro láti rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú àwọn ọlọ́pọlọ dídàrú sí Yábàá ní 1907, orúkọ àdúgbò náà nìkan ti tó láti fi bú ènìyàn. Ẹnu ọ̀nà tí a bá rí ọ ti sọ̀rọ̀ kí ìwọ tó lanu. Nítorí náà ni ará Sùúrùlérè fi ń wá awo lọ sí Muṣin, tí ará Muṣin sì ń wá tirẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀pẹ́. Tí àwọn mìíràn ń lọ ní ìdájí. Tí àwọn mìíràn ń pe babaláwo wá sí ilé wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí ó wà nítòsí àwọn lẹ́kùlẹ́jà, bí irú èyí tí ń bẹ ní ọjà Ojúwòyè, dára fún ìdí yìí: ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ lè sọ pé egbòogi ni òun wá rà. Èyí sì ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí ìkóríta rẹ̀ tí ó lókìkí jù, Ojúẹlẹ́gba, ń jẹ́ orúkọ ojúbọ Èṣù.

Ìjọ Aládùúrà gba ọ̀nà mìíràn. Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1925; Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run wá láti Pọ́tónófò dé Màkókò ní 1950. Nínú àwọn ìjọ wọ̀nyí, wòlíì lè sọ ìran láàárín ìjọ, akọ̀wé a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni wá di ohun tí a fi sínú ìwé, ìwé sì lè bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

V. Ohun tí ó wà nínú ewu

Nígbà tí ilẹ̀kùn ti, tí aṣọ ìkélé wálẹ̀, ó rọrùn láti rò pé kò sí ohun tí ó kù láti fi pamọ́. Oníbéèrè a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀ jáde, babaláwo náà a kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ni ó ṣẹlẹ̀?" Níbẹ̀ ni mo ti rí ewu. Ìdánwò tí ó wà fún awo ti lọ, nítorí ó ti gbọ́ ìbéèrè. Ààbò oníbéèrè náà ti lọ, nítorí ẹni tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ẹni lè fi í gba owó lọ́wọ́ ẹni lọ́la. Awo ní í gbé awo ní ìgbọ̀nwọ́, ṣùgbọ́n oníbéèrè kì í ṣe awo. Kí ni yóò gbé e, bí kò ṣe ìlànà? Ògiri ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún aládùúgbò nìkan. Sísọ ọ̀rọ̀ sí owó ń pa á mọ́ fún babaláwo pàápàá.

Láti ìgbà tí tẹlifóònù alágbèéká ti dé ní 2001, yàrá pàápàá kò pọn dandan mọ́. Ènìyàn lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí a dá Ifá fún un ní Muṣin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fi ohùn ránṣẹ́ ń dúró sínú ẹ̀rọ. Òfin ààbò ìsọfúnni ara-ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Mo yìn ín, ṣùgbọ́n òfin a máa dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti tú. Ẹni tí ó wà ní òkèèrè lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó ní ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ẹsẹ Ifá lórí ẹ̀rọ; kò sí ohun tí ó ní kí ó kọ́kọ́ ro ẹjọ́.

Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá tí ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ní Akọka àti ní àwọn yunifásítì wa mìíràn, ẹsẹ ni a ń gbà sílẹ̀, ẹsẹ ni a ń tẹ̀ jáde, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó máa lọ ṣe ìwádìí ni pé kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú ẹsẹ náà sílẹ̀ pẹ̀lú: ta ni ó wà níbẹ̀, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí, ṣé a sọ ọ̀rọ̀ sí owó tàbí a sọ ọ́ sí babaláwo. Bí ìlànà yẹn bá parẹ́ nígbà tí a ń kó ẹsẹ pamọ́, ìwé wa yóò kún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìṣòro kò ní rí ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí láìfòyà.