Ohun Tó Pa Ẹṣin ní Dakota, Tí Ọmọ Ẹṣin Ń Wá

Kí n jẹ́wọ́ ná: ẹṣin tí mo mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò létí òkun l'Ékòó lọ. Àmọ́ mo wo fídíò ọmọ ẹṣin kan tí kò lè dìde, ọkàn mi ò sì kúrò níbẹ̀.

Wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i, ó yẹ kí ọmọ ẹṣin ti dìde, kó máa wá ọmú. Ẹsẹ̀ tèyí ń gbọ̀n. Ó fẹ́ mu ọmú, kò lè gbé e mì, wàrà ń jáde nímú rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá kú, tí dókítà ẹran là á, iṣan tó yẹ kó pọ́n á funfun bí ẹran adìẹ. Nígbà míì iṣan ọkàn ni àrùn náà ń bá jà, ọmọ tó ń sáré lánàá á kàn ṣubú kú. Kòkòrò kọ́ ló fà á. Ilẹ̀ tí koríko ìyá rẹ̀ ti hù ni kò ní selenium tó. Àìtó fítámì E náà máa ń lọ́wọ́ sí i.

Berzelius ará Sweden ló rí selenium lọ́dún 1817. Orúkọ òṣùpá lédè Gíríìkì ló fi sọ ọ́. Orúkọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìwà ọ̀tọ̀. Lọ́dún 1856, ní Fort Randall, níbi tó ti di South Dakota báyìí, àwọn ẹṣin ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Irun ọrùn àti ti ìrù ń já, pátákò ń bọ́. Madison, dókítà ológun ibẹ̀, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó di nǹkan bí ọdún 1930 sókè kí wọ́n tó mọ̀ pé selenium tó pọ̀ jù nínú koríko ibẹ̀ ló ń pa wọ́n.

Nítorí náà, ẹ wo bó ṣe máa rí létí àwọn èèyàn nígbà tí Klaus Schwarz sọ lọ́dún 1957 pé eku tó jẹ ìwọ̀nba rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kì í bàjẹ́. Májèlé kẹ̀! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Muth, Oldfield àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oregon fún abo àgùntàn tó lóyún ní díẹ̀, àrùn iṣan funfun kò sì mú ọmọ wọn. Orílẹ̀-èdè kan náà o: níbì kan ó pọ̀ jù, níbòmíì kò tó.

Síbẹ̀, ọdún 1974 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó gbà kí wọ́n fi í sínú oúnjẹ ẹran, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ ló sì kọ́kọ́ kàn. Ìwádìí kan ní 1943 ti sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún eku, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán. Àánú àwọn àgbẹ̀ tó ń sin ọmọ ẹran lọ́dọọdún ló ń ṣe mí.

Títí dòní, dókítà ẹran máa ń wọn abẹ́rẹ́ náà dáadáa, torí bó bá pọ̀ jù, á pa ọmọ ẹṣin tó fẹ́ gbà là. Èyí tó wà nínú fídíò mi dìde lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wo ibẹ̀ yẹn.